Òkú Function Tó Ń Jẹ́rìí: Ẹ Má Gba Debugger Gbọ́ Láì Bi Í Léèrè

Kí n tó sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi ẹ̀sùn kan àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Mo ní kóòdù tirẹ̀ ló ń pa ẹ̀rọ wa. Orí WhatsApp ni mo ti sọ ọ́, níbi tí gbogbo wa wà, mo tún fi àwòrán ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Irọ́ ni. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ o. Irinṣẹ́ ló parọ́ fún mi, èmi náà sì gbé irọ́ ọ̀hún kiri bí ìhìn rere.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹlẹ́rìí ni debugger, kì í ṣe adájọ́. Ẹlẹ́rìí tí a kò bá sì bi léèrè lè ba ti aláìṣẹ̀ jẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan là ń ṣe tó ń wọn bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀ oko. Microcontroller ni ọpọlọ rẹ̀, irú èyí tí kóòdù rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àdírẹ́sì 0 nínú mẹ́mọ́rì. Ẹ fi 0 yẹn sọ́kàn, òun ni orírun gbogbo wàhálà. Tí ẹ̀rọ yìí bá ti ṣiṣẹ́ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ńṣe ló máa dákú. Kó tó dákú, ó máa ń kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ sílẹ̀: 0x1a4. Mo gbé nọ́ńbà náà fún irinṣẹ́ tó máa ń yí àdírẹ́sì padà sí orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà. Kíá ló dá mi lóhùn: fáìlì àbúrò wa, ìlà 88, nínú function tó kọ láti fi ṣàtúnṣe ohun tí sensor bá kà.

Kí ni mo tún ń wá? Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ọmọ náà fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a ò kúkú lo function yẹn mọ́ látìgbà tí a ti pààrọ̀ sensor." Mo ní, "Ṣé ẹ̀rọ wá máa parọ́ mọ́ ẹ ni?" Mo tiẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ fún AI kan pé kó bá mi wò ó. Òun náà dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi, torí ẹlẹ́rìí kan náà lòun náà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá wa ní kó lọ tún function náà kọ. Òru mẹ́ta ló fi ṣe é, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ó tún un kọ tán, ẹ̀rọ ṣì ń dákú ní 0x1a4. Irinṣẹ́ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀, àmọ́ ìlà 61 ló wá ń nawọ́ sí báyìí. Ara fu mi díẹ̀. Mo gbé fáìlì tí a ń kó sórí ẹ̀rọ kí ọmọ yìí tó tún kóòdù kọ, mo gbé èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀, mo fi sha256sum wo méjèèjì. Háà! Bákan náà ni wọ́n rí. Iṣẹ́ òru mẹ́ta, kò sí byte kan ṣoṣo tó yí padà.

Báwo ni èèyàn á ṣe tún function kọ látòkèdélẹ̀ tí ètò náà kò ní yàtọ̀? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: function yẹn kò sí nínú ètò náà rárá. Òkú ni. Òkú là ń pè lẹ́jọ́.

Àdúgbò, ojúlé àti ìwé orúkọ

Ká lè mọ bí òkú ṣe dé ilé ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká wo bí kóòdù ṣe ń di ètò. Tí ẹ bá kọ kóòdù C sínú fáìlì mẹ́wàá, compiler máa ń túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí èdè ẹ̀rọ. Kò tíì mọ ibi tí function kọ̀ọ̀kan máa gbé. Linker ló ń ṣe èyí. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń pín ojúlé ní àdúgbò tuntun: yóò kó gbogbo àwọn function jọ, yóò fún kálukú ní nọ́ńbà ilé, yóò sì lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ara wọn láti fi nọ́ńbà tòótọ́ síbẹ̀.

Ìwé orúkọ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ ẹni tó ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan àti ìlà kóòdù tó ti wá. DWARF ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìwé náà. Àwàdà ló wà nínú orúkọ yẹn o: ELF ni irú fáìlì tí Linux ń lò fún ètò, elf àti dwarf sì jẹ́ ẹ̀dá inú àlọ́ àwọn ará Yúróòpù, bí iwin àti egbére ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ìwé yìí ni àwọn debugger bíi GDB, tí Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ ní 1986, máa ń ṣí wò kí wọ́n tó sọ fún yín pé "ìlà báyìí ni."

Mẹ́mọ́rì microcontroller kò tó nǹkan, torí náà a máa ń sọ fún linker pé kó gbá ilẹ̀. `--gc-sections` ni àṣẹ yẹn. Function tí ẹnikẹ́ni kò pè, kó má fún un nílé. Àbúrò wa sòótọ́: a ti pààrọ̀ sensor, kò sẹ́ni tó ń pe function rẹ̀ mọ́, linker sì gbá a dànù. Ó ṣe dáadáa.

Àmọ́ compiler ti kọ orúkọ function náà sínú ìwé kí linker tó dé. Orúkọ ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín kò nílé. Nọ́ńbà wo ni linker máa kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀? Linker tí a ń lò, tó ti pẹ́ díẹ̀, kọ 0.

Lórí kọ̀ǹpútà yín, 0 kì í dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí ètò tó ń gbé ojúlé 0 níbẹ̀, GDB pàápàá sì gbọ́n sí i: tí kò bá rí nǹkan kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 nínú ètò, á mọ̀ pé òkú nìyẹn, á fò ó. Ṣùgbọ́n àdúgbò tiwa láti 0 ló ti bẹ̀rẹ̀! Ìwé ní òkú yìí ń gbé láti 0 títí dé ibi tí gígùn rẹ̀ bá parí sí. Gígùn rẹ̀ sì kọjá 0x1a4. Èèyàn méjì ló wá wà lójúlé kan, òkú kan àti alààyè kan. Irinṣẹ́ tí mo lò mú òkú.

Ta ló jẹ̀bi?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Compiler kò ṣẹ̀: ó kọ ohun tó rí. Linker kò ṣẹ̀: ó gbá ilẹ̀ bí a ṣe ní kó gbá a. Debugger kò ṣẹ̀: ó ka ohun tí wọ́n kọ. Ìwé òfin gan-an, DWARF 5 tó jáde ní 2017, kò sọ nọ́ńbà tó yẹ kí linker kọ fún function tó ti kú. Àlàfo tó wà láàrin wọn ni àṣìṣe náà ń gbé. Irú àṣìṣe yìí ló burú jù, nítorí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi á fi ìwé hàn yín pé òun kò jẹ̀bi.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Ní 2020, àwọn tó ń ṣe LLD, ìyẹn linker ti LLVM, yí i padà ní ẹ̀dà 11. Dípò 0, nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tí àyè yẹn lè gbà ni wọ́n ń kọ sí ọ̀pọ̀ ibi nínú ìwé náà báyìí, 0xffffffff fún ẹ̀rọ 32-bit. Kò sí kóòdù tó lè gbé ibẹ̀. Tí debugger bá rí i, á mọ̀ pé ibojì nìyí. Kódà tombstone, òkúta orí ibojì, ni àwọn onímọ̀ ń pe nọ́ńbà náà.

Kí n tó mọ èyí, mo ti gé àṣìṣe náà kéékèèké: fáìlì méjì péré, kò tó ọgbọ̀n ìlà. Mo fẹ́ lọ fi í sùn bí akọni. Ìgbà tí mo wá bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ ni mo rí i pé wọ́n ti jíròrò rẹ̀ tán, wọ́n sì ti ṣàtúnṣe. Ẹ̀dà linker wa ni kò tíì gbọ́. Ojú tì mí, àmọ́ mo dúpẹ́. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ló fara balẹ̀ kọ ìṣòro rẹ̀ síta dípò kó kàn wá ọgbọ́n fò ó.

Bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè

Tí debugger bá pe orúkọ ẹnì kan fún yín, ẹ má sáré lọ sórí WhatsApp bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ lo `nm` lórí ètò náà: ṣé function yẹn tiẹ̀ wà níbẹ̀? Ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ká ní mo ṣe é ni, àbúrò mi ì bá sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí linker kọ map sílẹ̀ fún yín, pẹ̀lú `-Wl,-Map`. Tó bá jẹ́ linker ti GNU ni, ẹ máa rí àkọlé "Discarded input sections" nínú rẹ̀; orúkọ àwọn tí wọ́n gbá dànù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkẹta, ẹ fi `objdump -d` wo ohun tó wà ní àdírẹ́sì náà gan-an. Ìwé orúkọ lè ṣì yín lọ́nà, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ló wà níbí. Tí ohun tí `objdump` fi hàn bá ta ko ìwé, ẹ wá fi `readelf --debug-dump=info` ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí òkú tó jókòó sí 0.

Ẹ máa fẹ́ mọ ẹni tó ń gbé 0x1a4 lóòótọ́. Èmi ni. Function tèmi ni. Mo ṣe àpótí oníyàrá 16 fún ohun tí sensor bá kà, mo wá kọ `<=` níbi tó yẹ kí n kọ `<`. Tí yàrá 16 bá kún, ìkẹtàdínlógún á já sórí pointer tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n omi ilẹ̀ á wá di àdírẹ́sì ibi tí kò sí mẹ́mọ́rì kankan. Àmì kan ṣoṣo. Èmi tí mo ń fìka han ọmọ ọlọ́mọ!

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ṣé gbogbo ìgbà la ó máa yẹ irinṣẹ́ wò ni? Ìgbà wo la máa wá ṣiṣẹ́?" Òótọ́ ni. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí ẹ bá rí àṣìṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kóòdù yín ló fa gbogbo rẹ̀. Tèmi náà, kóòdù mi ló fà á! Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kì í ṣe òrìṣà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Csmith, tó ń fi kóòdù C tó ṣàdédé hùmọ̀ dán compiler wò. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2011, àṣìṣe tí wọ́n rí lé ní 325, kò sì sí compiler kan tí wọ́n dán wò tó mọ́. Èèyàn ló ṣe wọ́n, èèyàn ló ń tún wọn ṣe. Ẹ má fura sí irinṣẹ́ nígbà gbogbo. Àmọ́ tí ẹ̀rí bá fẹ́ ba orúkọ ẹnì kan jẹ́, tàbí tí ẹni tó mọ kóòdù bá ní "kò rí bẹ́ẹ̀," ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Mo ti bẹ àbúrò mi. Orí WhatsApp kan náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀sùn kàn án, mo sì fi ohun tí `nm` sọ síbẹ̀. Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán. Àmọ́ ẹ máa ra ońjẹ òru mẹ́ta o." Mo ti ra ti òru méjì. Ó ku ẹyọ kan.