Ìwọ̀fà Àná, Ọmọ Ọ̀dọ̀ Òní

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá gbọ́ pé àwọn baba ńlá wa a máa fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí owó tí wọ́n yá, orí la máa ń mì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní òpin. Samuel Johnson kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé ìtàn tó jáde ní 1921: ọjọ́ tí a bá san owó, ó bọ́ nìyẹn. Ọmọ tí a mú wá láti abúlé ńkọ́, tó ń kiri ọjà fún wa nígbà tí ọmọ tiwa wà ní kíláàsì? Gbèsè wo ló jẹ? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 lòdì sí i. Ẹ má sọ pé ó ń jẹun o. Ọmọ ìwọ̀fà náà jẹun nílé olówó rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wa á mi orí sí àwa náà. Bí a bá lè yá owó ẹgbẹ́ ra aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ ká yá ti ilé ìwé ọmọ yìí. Kí ìgbìmọ̀ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.