Ẹ̀bẹ̀ sí Gbogbo Ọmọ Pópó Àgùdà: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ilé Baba Wa Wó Tán

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Pópó Àgùdà nílé lóko, l'Ékòó, ní Lọ́ńdọ̀nù, l'Ámẹ́ríkà àti ní Brazil, àwa ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò kúnlẹ̀ bẹ̀ yín.

Ẹ mọ bí àdúgbò wa l'Ékòó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gba òmìnira, wọ́n sì wọkọ̀ òkun padà wálé; àwọn là ń pè ní Àgùdà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà lọ́dún 1835 ni bíbọ̀ wọn pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀: bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ni wọ́n fi sọ agbègbè Campos Square di ìlú.

Kì í ṣe ilé Àgùdà nìkan ni wọ́n kọ́. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀ dòní. Water House, ilé àwọn da Rocha ní òpópónà Kakawa, ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ra omi mu nígbà kan.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinúbú. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Lọ́dún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà nílẹ̀, ilé sì lọ. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òfin nìkan kò lè gba ilé là. Àwọn tó nilé ni yóò gbà á.

Ilé ẹbí kì í ṣàdédé wó. Páànù kan á ṣí, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ògiri. Bíríkìlà tí kò mọṣẹ́ àtijọ́ á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri alámọ̀, ọ̀rinrin á há sínú rẹ̀, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sórí fèrèsé á sì máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ajogún ti fọ́n ká, wọn kì í pàdé mọ́. Ọjọ́ tí olówó bá kanlẹ̀kùn, ẹnì kan á tọwọ́ bọ̀wé.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ní ará ìlú tí yóò bá a kọ́ ọ. Ta ni yóò bá wa kọ́ tiwa, bí àwa kò bá dìde?

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe ìpàdé, kí wọ́n fẹnu kò pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ta ilé. Owó tí ẹ bá kọ́kọ́ dá, ẹ fi tún òrùlé ṣe ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ yẹ àpótí wò: fọ́tò àtijọ́, lẹ́tà, ìwé ilẹ̀, ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olórí ẹbí. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ògiri àti ilẹ̀kùn àtijọ́, ẹ gba ọmọ iṣẹ́. Ní àkókò Àjíǹde, ẹ mú àwọn ọmọ wálé, kí wọ́n wo Fanti, eré ìta gbangba àwa Àgùdà, ní Campos, kí wọ́n sì mọ ilé baba wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe olórí ẹbí yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ipò tí ilé yín wà.