Òǹtẹ̀ Ara Ìbọn Àtijọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé ni ó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Ọrà àti ní àwọn ìletò Ìgbómìnà mìíràn ní Ọ̀ṣun, tí ìbọn àtijọ́ kan fi ara ti ògiri ní ìyẹ̀wù bàbá. Bàbá ti sùn. Ọmọ kò sì mọ ibi tí ìbọn náà ti wá. A fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìbọn náà lè ní ẹ̀rí tirẹ̀ ní ara.

Ní àwọn ìlú tí a ti ń rọ ìbọn ní Yúróòpù, ilé ìdánwò wà. Níbẹ̀ ni a ó ki ẹ̀tù tí ó ju ìwọ̀n lọ sínú ìbọn titun, a ó sì yìn ín; bí ọ̀pá rẹ̀ kò bá fọ́ tí kò sì wú, a ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn arọbọn London gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637. Ilé ìdánwò Birmingham bẹ̀rẹ̀ ní 1813. Òǹtẹ̀ Birmingham àtijọ́ ni adé lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tí wọ́n dábùú ara wọn, pẹ̀lú lẹ́tà B, P àti C. Ti Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni E, L, G àti ìràwọ̀ nínú àmì tí ó rí bí ẹyin.

Ìbọn kan sì wà tí àwọn ọdẹ Jámánì fẹ́ràn, tí ó ní ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta lórí ìdí kan ṣoṣo. Ọ̀kan dán nínú fún ọta wẹ́wẹ́. Èkejì ní ìlà tí ó lọ́ bí okùn fún ọta ńlá kan. Gẹ́gẹ́ bí òfin Jámánì ti 1891, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1893, adé lórí S ni àmì ọ̀pá ọta wẹ́wẹ́, adé lórí G sì ni àmì ọ̀pá onílà. Òfin 1939 ni ó fi ẹyẹ idì rọ́pò adé náà.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin wa, ó sì ní ìdí. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1886, tí Ìgbómìnà wà lára Èkìtìparapọ̀, ìbọn tí a ń ki láti ìdí dé ojú ogun. Ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ìjọba fọwọ́ sí ìwé ní Brussels láti dènà irú wọn ní apá púpọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Irú ṣakabùlà ni wọ́n gbà kí a máa tà. Èyí tí alágbẹ̀dẹ wa rọ kò ní òǹtẹ̀ kankan. Ọwọ́ ẹni tí ó rọ ọ́ nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀.

Kí a tó wá òǹtẹ̀, kí àgbà ọdẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú ìbọn náà, nítorí ọ̀pọ̀ bàbá a máa fi ìbọn kíkì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi aṣọ àti òróró nu ìdí ọ̀pá. Kí a má ṣe fi ayùn ha á. Bí àmì bá ti parẹ́ díẹ̀, kí a fi ẹfun pa á, yóò sì hàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn. Ìbọn tí a fi ẹ̀tù dúdú dán wò kò lè ru kátíríìjì òde òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà NP, láti 1904, ni ó ń jẹ́rìí pé a fi ẹ̀tù tí kò léèéfín dán an wò. Síbẹ̀, ọjọ́ ìdánwò nìkan ni òǹtẹ̀ ń jẹ́rìí sí. Kò mọ ìpẹtà tí ó ti jẹ irin láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pá tí ó bá fọ́ lè mú ìka tàbí ojú ọmọ lọ.

Òfin ìbọn ti 1959 pẹ̀lú béèrè ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ bàbá kì í sì í ṣe ti ọmọ. Kí ẹni tí ó bá jogún ìbọn lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Abèèrè kì í ṣìnà.