Ká Tó Pariwo Májèlé, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Eégbọn

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́kọ́jà, láti Felele dé Ganaja, láti Adankolo dé Lokongoma, ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ajá ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àtàwọn tá a jọ ń gbé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ajá á ṣàdédé kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ á gbóná janjan, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bíi zobo. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kú. Kí la máa ń sọ? "Wọ́n ti fún un ní májèlé!" Ta ni "wọ́n"? Aládùúgbò tí kì í fẹ́ gbọ́ ariwo ajá lóru ni. Ó lè jẹ́ Ígálà, ó lè jẹ́ Ẹ̀bìrà tàbí Nupe, ó sì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Àwa tá a wá ṣòwò nílùú onílùú, tá à ń fi ẹnu rere jẹun lọ́dọ̀ wọn, irú ẹ̀sùn yẹn kò yẹ kó máa jáde lẹ́nu wa láìsí ẹ̀rí.

Èrò tiwa ni pé eégbọn ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní 1893, Theobald Smith àti F. L. Kilborne fi hàn ní Amẹ́ríkà pé eégbọn ló ń gbé ibà màlúù kiri. Ronald Ross kò tíì rí kòkòrò ibà tiwa nínú ẹ̀fọn nígbà yẹn. 1897 ni ìyẹn. Ní 1901, Charles Lounsbury fi hàn ní Gúúsù Áfíríkà pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ajá. Babesia ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Kò ṣeé fojú lásán rí. Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń wọ̀, á bí sí i níbẹ̀, á sì bẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ajá fi ń pọ́n, tí èrìgì rẹ̀ ń funfun, tí ojú rẹ̀ sì lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ ò rí i pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ajá ni!

Ó wà ní Nàìjíríà níbí dáadáa. Ní 2013, àwọn onímọ̀, tó fi mọ́ àwọn ti ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ní Vom, lẹ́bàá Jos, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ajá 181 àti eégbọn tí wọ́n já lára ajá. Wọ́n rí Babesia. Wọ́n tún rí òmíràn tó ń jẹ́ Hepatozoon nínú nǹkan bí ajá 4 nínú 10. Ìyẹn yàtọ̀ díẹ̀: tí ajá bá fi eyín já eégbọn, tó gbé e mì, ibẹ̀ ló ti ń kó o.

Ẹnì kan lè sọ pé rírí kòkòrò nínú eégbọn kò fi hàn pé eégbọn ló gbé e wá, pé ó lè jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ajá ló ti mu ún. Òótọ́ ni. Eṣinṣin tsetse náà ń kó àìsàn ran ajá, àwọn èèyàn burúkú tó ń fún ajá ní májèlé sì wà lóòótọ́. Ìdí gan-an nìyẹn tá a fi ní kí dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Èyí tó dùn wá jù ni ọtapiapia. Àwọn kan ń fi í pa ajá lára nítorí eégbọn. Oògùn yẹn ń gba awọ ara wọlé, ajá á sì tún fi ahọ́n lá a. Nígbà mìíràn, májèlé tá à ń wá lọ́wọ́ aládùúgbò, ọwọ́ onílé ló ti wá! Nítorí ewu rẹ̀ ni NAFDAC ṣe fòfin de títa àwọn ìgò rẹ̀ kéékèèké ní 2019.

Kí la lè ṣe? Ká máa tú irun ajá wò ní alaalẹ́: inú etí, abẹ́ ọrùn, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Babesia sábà máa ń gbà tó ọjọ́ méjì kó tó ti ara eégbọn wọ ara ajá, nítorí náà ẹni tó bá tètè já a ti gba ajá rẹ̀ là. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ fọ́. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ jù ú sí. Ẹ tún wo ihò ara ògiri àti ibi tí ajá ń sùn, torí abo eégbọn kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Ẹ má sì lọ ra abẹ́rẹ́ màlúù lọ́jà láti gún ajá fúnra yín. Tó bá pọ̀jù, á pa á.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ nìyí: ẹ jẹ́ ká pe dókítà ẹranko wá sí ìpàdé. Ká sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò ní gbé ẹjọ́ májèlé ajá wá síwájú àwọn àgbà láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ ajá náà wò. A lè rí ajá mìíràn rà, àmọ́ orúkọ rere aládùúgbò tá a bà jẹ́, ọjà wo la ti fẹ́ rí i rà?

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?