Kí A Pe Gbèsè ní Gbèsè

Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ iye owó tí ó gbà. Onígbọ̀wọ́ a wà níbẹ̀, a ka owó náà lójú gbogbo wọn, a sì sọ bí ìwọ̀fà yóò ti máa lọ sí oko olówó. Àṣà náà korò, kò sì sí ẹni rere tí yóò fẹ́ kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n olówó ìgbà náà kì í pe gbèsè ní ọrẹ. Ohun tí olówó àtijọ́ kò dán wò yìí ni púpọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe lórí ìwé dídán, òun náà ni ó sì mú kí àwọn aṣòfin ibẹ̀ kan máa wá òfin tí yóò fòpin sí i.

Ẹ jẹ́ kí á la ọ̀ràn náà yé ara wa. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀ bá gba ọmọ wọlé, yóò kọ ìwé sí i láti sọ ìrànlọ́wọ́ tí yóò rí gbà. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, a lè bá ọrẹ tí a kì í san padà, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń fún ọmọ aláìní tí wọ́n ń pè ní Pell, tí kò ju dọ́là 7,395 lọ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025. A lè bá owó iṣẹ́ tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. A sì lè bá ẹ̀yáwó, tí a óò san tòun ti èlé. Ó yẹ kí wọ́n to olúkúlùkù sí àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ a máa dà wọ́n pọ̀ sínú agbọ̀n kan, wọn a sì kọ "ìrànlọ́wọ́" sí orí rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí àwa fúnra wa ṣírò. Ká ní owó ọdún kan jẹ́ dọ́là 30,000. Ìwé dé, ó ní ìrànlọ́wọ́ ọmọ náà jẹ́ 30,000, kò sì ku ohun tí yóò san. Ìyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ ayọ̀ sí ẹbí. Bí a bá tú ìwé náà wò, 12,000 péré ni ọrẹ nínú rẹ̀. 5,500 jẹ́ gbèsè lọ́rùn ọmọ, 12,500 yòókù sì jẹ́ gbèsè lọ́rùn òbí, lábẹ́ orúkọ tí ń jẹ́ Parent PLUS. Ọdún kan ṣoṣo ni a ń sọ yìí o, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ oyè wọn.

Ní 2018, ẹgbẹ́ méjì, uAspire àti New America, ṣàyẹ̀wò ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì 455 tí ó mẹ́nu kan irú ẹ̀yáwó ìjọba kan náà, orúkọ 136 ni wọ́n bá tí a fún un, 24 nínú àwọn orúkọ náà ni kò sì ní ọ̀rọ̀ "ẹ̀yáwó" nínú rárá. Gbèsè kan, orúkọ 136! Ọba wo ni oríkì rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní 2022, GAO, ọ́fíìsì tí ń bá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìṣúná ìjọba wò, fi yé wọn pé nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì 100, bí 91 ni kì í sọ iye tí ọmọ yóò san gan-an lẹ́yìn tí a bá yọ ọrẹ kúrò, tàbí tí ó ń sọ ọ́ kéré sí bí ó ti jẹ́. GAO sì gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fi òfin tún un ṣe.

Àbá òfin náà kì í ṣe tuntun. Ní 2012 ni Al Franken, ará Ìpínlẹ̀ Minnesota, kọ́kọ́ gbé e wá sí Ilé Aṣòfin Àgbà, Chuck Grassley ti Iowa sì bá a lọ́wọ́ sí i, bí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó ń béèrè kò le: kí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń gba owó ìjọba lo irú ìwé kan náà àti orúkọ kan náà, kí ọrẹ wà lọ́tọ̀, kí ẹ̀yáwó wà lọ́tọ̀, kí iye tí ọmọ yóò san hàn gbangba. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba wọn ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wù ni ó ń lò ó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé àbá náà wá, tí ó ń sùn, tí wọ́n tún ń jí i. Ohun tí ó yẹ kí ó gba oṣù mẹ́fà ti jẹ ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rí bákan náà, pé ìwé kan ṣoṣo láti Washington yóò dè wọ́n lọ́wọ́. A kò rí ibi tí ìdè náà wà. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dín ọrẹ kù tàbí kí wọ́n fi kún un. Àwọn oníṣòwò ọjà wa kò rí bákan náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí a gbà láyè láti gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá láti ilé.

Ọ̀ràn yìí kàn wá. Àìmọye ọmọ Nàìjíríà ni ó ń gbé Houston àti New York, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, irú ìwé yìí sì ń wọ ilé wọn. Nílé níbí pẹ̀lú, a ti ní òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2023, tí a sì tún ṣe ní 2024. Òfin tiwa sàn ní ọ̀nà kan: kò sí èlé lórí owó náà, ó sì pe gbèsè ní gbèsè láti orí àkọlé rẹ̀. Ibi tí tiwa ti wọ́ ni pé tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́ ni owó ẹ̀kọ́ ń lọ, ọmọ tí yóò san án padà kò sì fojú kàn án. Ní 2025, NELFUND tí ń pín owó náà fẹnu ara rẹ̀ ké gbàjarè pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gba owó tán, wọn kò sì sọ fún àwọn ọmọ tí a san án fún.

Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Abújá, ẹ fi ìlà kan kún òfin náà: ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gba owó ní orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí iye owó, ọjọ́ tí ó dé, àti àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ sì ni ẹ súnmọ́ ọ̀ràn yìí jù lọ. Kí àwọn ọmọ kíláàsì tí ó kẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fún wọn ní wákàtí kan lórí bí a ti ń ka ìwé owó, àti ti Amẹ́ríkà àti ti ilé.