Iná Púpọ̀ Nìkan Kọ́ Ni Yóò Dá Gíríìdì Dúró

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ fi Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Gòmbè ṣe ibùgbé, ó dá wa lójú pé ẹ kò tíì gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 2024. Láàárín ọjọ́ 6 péré, ìgbà mẹ́ta ni àsopọ̀ okùn iná orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí tọmọdé-tàgbà ti mọ̀ sí gíríìdì báyìí, dojú bolẹ̀: ní ọjọ́ 14, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 19 oṣù náà. Bí a ti ń mí ìmí ìtura pé iná ti padà ni òkùnkùn mìíràn tún ṣú bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìhà àríwá ní ọjọ́ 22, kò sì ká kúrò títí ó fi kù díẹ̀ kí oṣù náà parí. Ẹni tí ń ta ẹja inú yìnyín kó ẹja dànù. Aránṣọ tí ó ti gba owó aṣọ ìgbéyàwó ná èrè rẹ̀ tán sórí epo jẹnẹrétọ̀. Orúkọ kan náà ni a sì fi pe gbogbo rẹ̀: NEPA ti mú iná lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA fúnra rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn ọjọ́ 14 sí ọjọ́ 19 àti ti ọjọ́ 22 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó máa di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi.

Ti ọjọ́ 22 ni ó rọrùn láti ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni iná ńlá ń gbà dé àríwá. Ọ̀kan ti Ṣíróró lọ sí Mando ní Kàdúná. Èkejì ti Ugwuaji ní Enugu gba Apir lẹ́bàá Makurdi lọ sí Jọ́ọ̀sì. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ba okùn ti Ṣíróró jẹ́, àìsí ààbò nínú igbó náà kò sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ TCN lè dé ibẹ̀ láti tún un ṣe. Gbogbo ẹrù àríwá wá di ti ọ̀nà Ugwuaji nìkan. Nígbà tí òun náà já, kò sí ibòmíràn tí iná lè gbà. Iná ń tàn ní Èkó àti ní Ìbàdàn ní àkókò náà. Ọ̀nà ni kò sí.

Ti ọjọ́ 14, 15 àti 19 yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀nà wà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, òun náà ni a sì fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo obìnrin mẹ́ta tí ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn, síbẹ̀ ọmọ odó kì í kọlu ara wọn, nítorí ìlù kan ni ọwọ́ wọn ń tẹ̀lé. Bákan náà ni ó rí fún àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ńláńlá tí ń bẹ lórí gíríìdì wa, ti omi ní Kainji, Jebba àti Ṣíróró, àti ti gáàsì ní Egbin, Sapele, Afam àti ibòmíràn. Ìwọ̀n ìlù wọn ni 50: ìgbà 50 ni iná gbọ́dọ̀ lọ síwájú kí ó sì padà sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohun tí aráàlú ń lò bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń pèsè lọ, ẹrù á wọ ẹ̀rọ lọ́rùn, yíyí rẹ̀ á falẹ̀, 50 á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí ohun tí a ń lò bá dín kù lójijì, ẹ̀rọ á sáré àsápajúdé, nọ́ńbà náà á gòkè. Òfin tí ó de gíríìdì wa kò fẹ́ kí ó rẹlẹ̀ ju 49.75 tàbí kí ó ga ju 50.25 lọ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé. Ìlú Òṣogbo, nílé wa lọ́hùn-ún, ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ nọ́ńbà yìí tọ̀sán-tòru fìdí kalẹ̀ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá yẹn, ohun èlò kan tí a fi ń wọn bí iná ti ń ṣàn tó ni ó bú gbàmù ní ibùdó iná Jebba. Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a fiyè sí. Nígbà tí agbára ńlá bá já kúrò lójijì, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn ẹ̀rọ yòókù, ìlù á sì falẹ̀. Ẹ̀rọ olówó iyebíye kì í dúró kí ìlù burúkú fọ́ òun sí wẹ́wẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá ti kọjá ààlà, á yọ ara rẹ̀ kúrò. Bí ọ̀kan ti ń yọ ni ẹrù ń pọ̀ sí i fún èyí tí ó kù, títí kò fi ní sí ẹni tí ó kù nídìí odó mọ́. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ rárá.

Ohun méjì ni ó máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ìyẹn. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ kan gé àwọn àdúgbò díẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀ kí àwọn tí ó kù má bàa ṣègbé. Ìwọ̀nba ènìyàn á jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Èkejì ni agbára ìpamọ́. Awakọ̀ tí ó mòye kì í tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀ tán lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, nítorí ó mọ̀ pé òkè ń bẹ níwájú. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí ó lè mú 500 mẹ́gáwáàtì wá yẹ kí ó mú bíi 450 wá, kí ó fi ìyókù sílẹ̀, kí ìjánu tí ń darí omi tàbí gáàsì sínú ẹ̀rọ sì lè ṣí i fúnra rẹ̀ bí ìlù bá ti falẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá wa lápapọ̀ ni a kọ́ láti mú ju 13,000 mẹ́gáwáàtì wá, ṣùgbọ́n láàárín 4,000 sí 5,000 ni a sábà máa ń rí gbà, nítorí àìtó gáàsì, ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ àti owó tí a kò san. Nínú ìwọ̀n yìí, ta ni yóò gbà kí a fi ohunkóhun pamọ́? Aráàlú ń kígbe pé iná kò tó. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà ń sọ pé ohun tí àwọn bá tà ni a ń san owó rẹ̀ fún àwọn. Gbèsè tí wọ́n sì ní a jẹ wọ́n lé ní tírílíọ̀nù 4 náírà ní ọdún 2025. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń de ìjánu ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, bí òfin gíríìdì tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ní tiwa, a kò rò pé àìtó iná jẹ́ àwíjàre. Orílẹ̀-èdè tí iná rẹ̀ kéré ni ó nílò ìpamọ́ jù lọ, nítorí nínú 4,500, bí 400 bá já lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mọ́kànlá ni ó lọ yẹn. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ka ìṣubú 12 ní ọdún 2024 (àwọn aláṣẹ ní díẹ̀ nínú wọn kò kan gbogbo orílẹ̀-èdè), wákàtí tí a fi wà nínú òkùnkùn àti ìyà tí ó jẹ ẹ̀rọ nígbà tí a ń jí wọn padà ju èrè ìwọ̀nba mẹ́gáwáàtì tí a kọ̀ láti pamọ́ lọ. Jíjí gíríìdì padà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá pàápàá ń fẹ́ iná kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti omi ni ó sàn jù, nítorí bí a bá ti ṣí ọ̀nà omi, ẹ̀rọ á yí. Ìdí nìyí tí Àbújá, tí ó súnmọ́ Ṣíróró, tí ó sì tún jẹ́ olú-ìlú, fi sábà máa ń wà lára àwọn tí iná kọ́kọ́ ń padà sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé púpọ̀ iná nìkan ni òògùn rẹ̀, kí ó wo Spain àti Portugal. Ní ọ̀sán ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, tí oòrùn ràn dáadáa, tí iná sì pọ̀ yanturu, gbogbo orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣú. Kí ó tó ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, gíríìdì wọn ti ń fì: apá kan ń yára nígbà tí apá kejì ń fà sẹ́yìn, bí ọkọ̀ ojú omi méjì tí a fi okùn gígùn so pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀tù sí i, ṣùgbọ́n fóltéèjì gòkè kọjá ààlà lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ sì ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, iná ti padà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Irú fífì bẹ́ẹ̀ ni a ń bẹ̀rù jù níbi tí okùn bá gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni tiwa rí láti ìgbà tí Kainji ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968. Okùn kan lọ sí gúúsù, òmíràn lọ sí àríwá. Ibi tí ọ̀nà ti yí po tí ó sì padà wá pàdé ara rẹ̀ kò pọ̀.

Àbújá ni àwọn tí yóò ṣe ìpinnu wà: ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ iná, NERC tí ń ṣòfin owó rẹ̀, TCN, àti NISO tí a yọ lára TCN ní ọdún 2025 láti máa darí gíríìdì. Àbújá náà mọ òkùnkùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn olè ba okùn iná abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ lẹ́bàá Millennium Park, ó sì kan Maitama, Wuse, Asokoro àti Ilé Ààrẹ pàápàá. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2025, a ya bílíọ̀nù 10 náírà sọ́tọ̀ láti fi iná oòrùn sí Ilé Ààrẹ. A kò bá wọn wí; ẹni tí ó ní agbára ni ó ń ra agboòrùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn olówó bá ń jáde kúrò lórí gíríìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ìpamọ́ náà yóò di ti aránṣọ Kàdúná àti ẹlẹ́ja Kánò nìkan. Òfin Iná Ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọjà iná tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ó bá ṣì so mọ́ gíríìdì, ìlù kan náà ni yóò máa gbọ́.

Àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú ń fetí sí ìlù náà. Okùn ńlá ti Ìkẹjà dé Sakété, ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Benin, láti ọdún 2007, iná wa sì ń dé Niamey láti Birnin Kebbi. Ní ọdún 2007 kan náà ni a gbìyànjú láti da gíríìdì wa pọ̀ mọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yòókù; ìṣẹ́jú 7 péré ni ó lò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2025, a tún dán an wò. Fún wákàtí 4 ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ Ṣíróró àti ẹ̀rọ Ghana, Côte d'Ivoire àti Senegal jọ ń gún iyán nínú odó kan, ìlù kò sì fọ́. Lẹ́yìn náà ni a já okùn náà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀, oníkálukú sì padà sí ìdí odó tirẹ̀.