Àkàtúnkà Ìwé Nìkan Kò Tó fún Ọmọ Tó Fẹ́ Di Dókítà

Bí ìdánwò JAMB bá ti ń súnmọ́ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí tó fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ iṣẹ́ dókítà: ọmọ náà kì í sùn lóru mọ́, ó ti ka ìwé Bàọ́lọ́jì rẹ̀ látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́sìnnì méjì ló sì ń lọ. Ìfẹ́ ló ń mú wọn náwó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá wọn wí fún un. Ṣùgbọ́n wákàtí, owó àti iye ìwé tí à ń kà yìí kò sí lára ohun tí ìdánwò náà yóò béèrè. Ohun tí yóò béèrè ni ohun tí ọmọ lè fà yọ láti inú orí ara rẹ̀, láìsí ìwé níwájú, kí aago tó lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣiṣẹ́ kára ló ń fìdí rẹmi nítorí pé ìwé kíkà ni wọ́n fi gbogbo ọdún ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fa ohun tí a kà yọ láti inú orí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìdánwò náà ṣe rí. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà máa ń jókòó fún: Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ogójì ni ti àwọn yòókù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n sì fún un. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò Físíìsì kan lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ ti jèrè àkókò lórí àwọn ìbéèrè tó rọrùn. Ọmọ tó jẹ́ pé ojú ewé tí nǹkan wà ló máa kọ́kọ́ rántí kí nǹkan náà fúnra rẹ̀ tó wá sọ́kàn, ó ti pẹ́. Ẹ tún wo Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń fojú kéré: 100 nínú 400 ni máàkì rẹ̀, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú Kẹ́mísírì tí wọ́n ń sanwó lẹ́sìnnì lé lórí.

Ẹ̀rí wà pé àkàtúnkà máa ń tan ẹni tó ń kàwé jẹ. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àyọkà kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Àwọn kan ní àkókò mẹ́rin láti kà á. Àwọn mìíràn ní ẹyọ kan péré láti kà á, wọ́n sì fi mẹ́ta yòókù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á ṣáá ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn wọ̀nyí rántí nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, àwọn tó ń pa ìwé dé rántí nǹkan bí ìdá 61. Èyí tó yẹ kó ká wa lára jù ni pé àwọn tó ń kà á ṣáá ló ní ìdánilójú jù pé àwọn yóò rántí. Ohun tí ènìyàn bá ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣàjèjì sí i mọ́, yóò sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó rí ojú tó mọ̀ lọ́jà tí orúkọ onítọ̀hún kò wá sẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò, kó sì búra pé òun ka ibẹ̀, kí ó má sì purọ́.

Àwọn kan yóò ní àwọn mọ ọmọ tó há ìdáhùn ìbéèrè àtijọ́ sórí tó sì yege. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí irú ìbéèrè kan máa ń padà wá. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní yíyege? Nígbà tí JAMB kọ́kọ́ kéde èsì ọdún 2025, kí àwọn tí àṣìṣe kọ̀ǹpútà bá ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù tó tún tiwọn ṣe, ènìyàn 12,414 ló gba 300 sókè nínú 1,955,069. Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà nìkan ló wà nínú wọn o. Àkọ́sórí lè gbé ọmọ dé 200, ṣùgbọ́n àwọn tó ń du ipò díẹ̀ tó wà fún ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá ibẹ̀ jìnnà. Ìbéèrè àtijọ́ wúlò púpọ̀ bí ọmọ bá fi aago sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó dáhùn rẹ̀ láìwo ìdáhùn, tó sì lè sọ ìdí tí mẹ́ta nínú ìdáhùn mẹ́rin náà kò fi tọ̀nà. Ẹni tó ń há A, B, D sórí ń fi irin iṣẹ́ tó dára ṣòfò.

Àtakò kejì wúwo jù, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: ọmọ tálákà kò ní kọ̀ǹpútà, iná ọba kò sì sí. Òótọ́ ni, ìjọba sì ní ẹjọ́ láti rò lórí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń jáde láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ni JAMB ní kí ọmọ lè lò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti padà bí ó bá ti ṣèèṣì tẹ S. Ọjọ́ díẹ̀ tó láti mọ ìyẹn. Pípa ìwé dé, kí a sì kọ ohun tí a rántí sílẹ̀, bébà àti bírò ló gbà. Ọ̀nà tó pọn dandan fún ọlọ́rọ̀ àti tálákà yìí ni owó rẹ̀ kéré jù lọ, síbẹ̀ òun ni a kì í kọ́ ọmọ.

Àwọn mìíràn yóò ní kí la tún ń sọ nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ ènìyàn ló ń wọlé. N kò ní sọ pé ojúsàájú kò sí. Ìlànà ìgbaniwọlé àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fi ìdá 45 nínú 100 sílẹ̀ fún máàkì nìkan, ìdá 35 fún àwọn ọmọ agbègbè, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti ọdún 2005 ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn JAMB. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti ìdánwò tiwọn, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba 320 tó wá gba 60 níbẹ̀ ní 70. Ẹni tó gba 280 tó wá gba 74 ní 72, ó sì ti kọjá rẹ̀. Ìdí rèé tí ó fi dùn mí pé àwọn ọmọ kan tó gba 280 ń sunkún bí ẹni pé ọ̀nà ti dí, tí àwọn tó gba 320 sì ń ju ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì jáde. Oṣù díẹ̀ sì máa ń wà láàárín ìdánwò méjèèjì, èyí tí ohun tí a kàn kà lójú lásán kì í lè là já nínú orí.

Nítorí náà, kí òbí tó sanwó lẹ́sìnnì mìíràn lọ́dún yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ onílẹ́sìnnì iye ìgbà tí ọmọ yóò pa ìwé dé lọ́sẹ̀ kan, tí yóò dáhùn ìbéèrè pẹ̀lú aago, àti ẹni tí yóò bá a yẹ ohun tó ṣì wò títí yóò fi yé e. Bí kò bá rí èsì gidi gbà, kí ó fi owó náà ra bébà àti bírò fún ọmọ rẹ̀, kí ó jẹ́ kó tètè máa sùn lálẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ di ìwé náà mú, kó sì máa bi í ní ìbéèrè.